Ẹlẹ́rìí Tó Jókòó Lórí Oórì Bàbá

Fọlárànmí ká aṣọ tó fi bo Ẹlẹ́rìí, àpótí ayàwòrán tí ìjọba fún wọn, kúrò, ó fi etí aṣọ náà nu ìrì ojú dígí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè yẹ ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tó gbé àpótí náà dúró wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí bóòtù tó tú. Ìpẹtà kò tíì mú èyíkéyìí nínú wọn. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn igbó igi ẹ̀gbà, omi ọ̀sà sì pa rọ́rọ́. Ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lé ojú irin tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó sì dá mímí dúró.

Ẹlẹ́rìí la ojú. Ó pa á dé.

"Àwòrán ọjọ́ igba ó lé méjìléláàádọ́rùn-ún ti wọlé," ni ohùn inú rẹ̀ wí. "Ẹ kú òótọ́."

"Ìwọ náà kú òótọ́," ni Àìná, àbúrò rẹ̀, dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Àpótí tó ń kí ni bí àna tuntun. Kí ló rí lónìí, Bọ̀dá mi?"

Fọlárànmí bọ́ sí ẹ̀yìn àpótí. Àwòrán òòjọ́ kì í pẹ́ lójú dígí tó wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún, yóò parẹ́, yóò lọ bá Ilé-iṣẹ́ Ìwọ̀n Ilẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Òpó Ìjọba ló wà láàárín àwòrán náà, níbi tí wọ́n gbé e rì sínú ọ̀sà, tí ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí àpáta. Funfun ni òpó náà. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú fa ìlà sí i lára láti òkè délẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka ọmọńdinrín, ó sì ní iye tirẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú dígí Ẹlẹ́rìí ló ń gé òpó náà sí méjì nínú àwòrán. Lọ́jọ́ kìíní, iye ọgọ́ta ló gé. Bí omi bá ń gòkè, omi nìkan ni yóò máa pọ́n òpó. Okùn kò ní kúrò ní ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tí Ẹlẹ́rìí dúró lé bá ń rì, okùn náà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lára òpó. Àwòrán kan, ìdáhùn méjì. Fọlárànmí kò tíì rí ohun tí ènìyàn ṣe tó mọ́gbọ́n wá tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń gbàgbé pé ilé òun ni ó ń wọ̀n.

"Ó ku díẹ̀ kó kan márùndínlọ́gọ́ta," ló sọ níkẹyìn.

Àìná gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ìwé òfin náà wà lára ògiri gbogbo ilé ní Ìdí-Ẹ̀gbà, ẹja gbígbẹ ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ sí ìṣó tó gbé e dúró:

ẸNI TÍ OMI Ń GUN WÁ BÁ, A Ó MỌ ODI FÚN UN. ẸNI TÍ ILẸ̀ RẸ̀ BÁ RÌ JU ÌLÀ MÁRÙN-ÚN LỌ LỌ́DÚN, A Ó KÓ O LỌ SÍ ÒKÈ. ÀWÒRÁN KAN LÓJÚMỌ́, ỌDÚN KAN GBÁKO. ẸNI TÓ BÁ JÁ ỌJỌ́ KAN, KÒ NÍ ODI, KÒ SÌ NÍ ÌJÓKÒÓ NÍNÚ ỌKỌ̀.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin," ni Àìná wí. "Kò lè dúró síbẹ̀."

"Kò lè dúró."

Àìná kọjú sí ilé, ló bá dúró. Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ wò ó," ló sọ. "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Omi tí mo fi ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìta ló máa ń ṣàn gbà tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, orí oórì Bàbá ló ń dúró sí."

Fọlárànmí bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú omi ló dúró sí.

Nígbà tí ìjọba pín àwọn Ẹlẹ́rìí, ìwé ìlànà ní kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ lé ohun tí kò lè mì. Ràímì, aládùúgbò wọn, kan tirẹ̀ mọ́ igi àgbọn. Àwọn mìíràn so ó mọ́ òpó ilé. Fọlárànmí fi ọjọ́ méjì gbé abọ́ omi yí ilé ká, ó ń gbé e kalẹ̀ níbi gbogbo, ó ń wo ibi tí ojú omi kò ti ní wárìrì bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lórí ọ̀sà. Ibì kan ṣoṣo ni omi ti dúró bíi dígí, ìyẹn orí oórì bàbá wọn ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló da kọnkéré oórì náà ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àpò sìmẹ́ǹtì méjìlélógún ni oórì náà gbé mì, láìka irin. Òun ni àkọ́bí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó fi ọwọ́ líle sin bàbá rẹ̀. Ó mú ojú oórì dọ́gba pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ táìlì kan náà sórí méjèèjì, ó sì fi àyè sílẹ̀ lápá òsì fún ìyá wọn, tí òun náà ń pè ní "ibùsùn mi."

"Bàbá ló máa jẹ́rìí fún wa," ló wí lọ́jọ́ tó ti bóòtù kìíní Ẹlẹ́rìí mọ́ táìlì náà. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó súre fún un.

Fọlárànmí wọ inú ilé lọ, ó sì gbé rọ́bà jáde, irú rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi wá ìpele. Ó fi ẹnu kan lé Àìná lọ́wọ́.

"Gbé e mọ́ ara ògiri, níbi tí mo fi ẹfun sàmì sí yẹn. Gbé e sókè díẹ̀. Ó tó. Má mì ín."

"Èmi kọ́ ló ń mì, ebi ni."

Kò sí bí rọ́bà ṣe lè wọ́ tó, omi inú ẹnu rẹ̀ méjèèjì yóò dúró ní ọgbọọgba. Omi kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Fọlárànmí wọn ẹnu tirẹ̀ lórí oórì, ó wọn ti Àìná lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́, ó tún un wọ̀n. Ó fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná ha ìdọ̀tí àárín táìlì méjì. Ibi tí sìmẹ́ǹtì funfun ti so wọ́n pọ̀ ti là. Ìka rẹ̀ wọ ibẹ̀.

"Ìlà mẹ́rin ni oórì fi rẹlẹ̀ ju ilé lọ," ló wí. "Bí Ẹlẹ́rìí bá sọ pé a ti sọ̀ tó ìlà márùn-ún, ìlà mẹ́rin nínú rẹ̀, ti oórì nìkan ni. Ilé fúnra rẹ̀ kò tíì sọ̀ tó ìlà kan."

"Nítorí náà ilé kọ́ ló ń rì," ni Àìná wí pẹ̀lẹ́. "Bàbá ni."

"Bàbá àti sìmẹ́ǹtì mi."

Ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn àwọ̀n tó ti lọ́ pọ̀. Kò gbé ojú sókè. "Mo sọ fún ọ," ló wí. "Mo ní àpò mẹ́wàá tó. O ní ẹnu ayé. Ẹnu ayé dà báyìí? Wọ́n ti jẹ ìrẹsì òkú tán, wọ́n ti nu ẹnu, wọ́n ti lọ sílé wọn."

*

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ìwọ̀n Ilẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ló máa ń bá a wá lóṣooṣù láti fọ dígí àwọn Ẹlẹ́rìí. Fọlárànmí mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na rọ́bà fún un, ó fi ẹfun ara ògiri hàn án, ó ní kó ki ìka bọ àlàfo àárín táìlì. Ìbídùn ki ìka bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́, ó sì nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Bọ̀dá, ó yé mi," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n dáadáa ju àwọn ọ̀gá mi lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti wá, ohun tí Ẹlẹ́rìí kò rí, kò ṣẹlẹ̀. Òpó nìkan ló sì ń wò. Kò lè wo ìdí ara rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i nípò. Ìṣísẹ̀ méjì péré, kó bọ́ sórí ìpìlẹ̀ ilé."

"Bí ẹ bá ṣí i, ọjọ́ kìíní lẹ padà sí. Ọdún yìí nìkan ni wọ́n sì ń kà. Lọ́dún tó ń bọ̀, odi ni wọ́n ń mọ."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sí ìwé, kẹ́ ẹ fi mọ́ àwọn àwòrán náà."

"Kò síbi tí wọ́n ń fi ìwé sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹ rò pé mi ò tíì béèrè rí?"

Fọlárànmí rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ènìyàn bá wá fi nǹkan tín-ín-rín sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kó kàn fi gbé e padà síbi tí ilé wà gan-an? Òótọ́ náà nìyẹn."

Ìbídùn kọjú sí ọ̀sà. "Mi ò gbọ́ ìyẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pìtàn fún yín. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó kan Òdò-Ìrókò, ọkùnrin kan níbẹ̀ fi páálí sábẹ́ tirẹ̀. Wọ́n mọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀, èmi ò mọ̀. Gbogbo òpópó rẹ̀ ni wọ́n kà sí elékèé. Ilé mọ́kàndínlógún, kò sí ẹyọ kan tó rí odi." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Màmá, ó dàbọ̀ o. Ẹ kú òótọ́."

"Ìwọ náà kú òótọ́," ni ìyá wọn fèsì láìgbójú sókè.

*

Páálí ni ti Òdò-Ìrókò; ènìyàn tó bá lo páálí, ó yẹ kí wọ́n mú un. Ìyẹn ni Àìná sọ, Fọlárànmí sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Páálí máa ń mu omi, ó máa ń wú, ó máa ń súnkì. Agolo mílíìkì ni òun yóò lò. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi òòlù nà án lórí irin, ó wá ń yún un lórí òkúta ọlọ pẹ̀lú epo, títí ó fi fúyẹ́ débi pé èémí lásán ń gbé e fò. Ọ̀kan fún òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí oórì bá sọ̀ ní ìwọ̀n irun orí kan, kí ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìí gòkè ní ìwọ̀n irun orí kan. Okùn inú dígí yóò máa dúró ní márùndínlọ́gọ́ta, bí ẹni pé ó rẹ ilẹ̀, ilẹ̀ sì jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iṣẹ́ náà gbà, kò sì sú u. Nígbà tó tò wọ́n jọ sínú agolo kan, wọ́n ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Ibi tí ènìyàn bá ti ń lu páànù, aládùúgbò á gbọ́.

"Ẹnjiníà!" Ràímì ló dúró lẹ́yìn ọgbà yẹn, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. "Wọ́n ní o ti di alágbẹ̀dẹ. Kí lò ń rọ, yẹtí?"

"Mò ń rọ ẹnu rẹ, kó lè máa padé."

Ràímì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó wo Ẹlẹ́rìí, ó wo oórì, ó wo agolo. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Fọlá," ló wí, kò pè é ní Ẹnjiníà mọ́. "Ilé mẹ́rìnlélógún ló wà ní òpópó yìí. Ọmọ mẹ́fà ló wà nínú tèmi nìkan. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ẹnì kan ti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja òbòkún sẹ́nu ọ̀nà wọn. Lọ́sàn-án, ìyàwó ẹnì kan gbé òdù epo wá. Àwọn tí kì í kí Fọlárànmí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí i: ẹ kú òótọ́, ẹ kú ìdúró, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó tọ́jọ́. Ọkùnrin àgbà kan dọ̀bálẹ̀ fún un ní èbúté. Àìná ń to ẹja sórí ààrò, ó ń fi ibínú yí wọn padà.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?" ló wí. "Àgbò ọdún ni wọ́n ń bọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin, Fọlárànmí bẹ̀rẹ̀ sídìí Ẹlẹ́rìí pẹ̀lú sípánà kan àti agolo náà. Ó tú bóòtù kìíní díẹ̀. Ó mú irin tín-ín-rín kan jáde, ó gbé e sáàárín ìka méjì. Ó wọ ibẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló ń wò. Ràímì ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà pé kí wọ́n wá jẹ ẹ̀kọ.

Ó yọ irin náà. Ó ti bóòtù padà, ó fún un dáadáa, ó sì gbé àtàǹpàkò lé ojú irin tútù. Ẹlẹ́rìí la ojú, ó pa á dé.

"Ẹ kú òótọ́."

Àìná wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin pẹ̀lú ọwọ́ yín," ló wí. "Ẹ ti ṣe é tán, ẹ tún yọ ọ́. Ẹ má sọ fún mi pé nítorí àwọn ọmọ Ràímì ni o. Ẹ̀rọ yìí lẹ fẹ́ràn ju wa lọ. Ẹ ò lè gbà kó parọ́. Ẹ gbà kí Bàbá sùn sábẹ́ omi, ẹ ò gbà kí àpótí parọ́."

Ó fẹ́ sọ pé nítorí àwọn ọmọ náà ni. Ó wo ọkàn rẹ̀ bí ó ṣe máa ń wo inú ẹ́ńjìnnì, ó sì rí i pé òun kò lè búra.

*

Òwúrọ̀ ń gorí òwúrọ̀. Lọ́jọ́ tí okùn kọjá márùndínlọ́gọ́ta, kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kí i bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì dá a lóhùn láìmọ̀. Àìná kì í jáde síta ní àkókò náà mọ́. Ìyá wọn ni ó ń jáde, ó ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sórí táìlì mẹ́rin tí í ṣe ibùsùn rẹ̀, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ wọn kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo wúwo," ni ó ń wí fún un. "Ìwọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri nígbà ayé rẹ."

Lọ́jọ́ kejì tí ọdún pé, Ìbídùn dé pẹ̀lú ọ̀gá kan àti ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ àwòrán jáde. Gbogbo òpópó péjọ sí èbúté. Wọ́n kọ́kọ́ pe Ràímì. Ẹ̀rọ náà to àwòrán rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rin, ó sì ń ṣí wọn wéréwéré ní ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Afẹ́fẹ́ ti fi igi àgbọn Ràímì ṣeré fún odidi ọdún kan. Nínú àwòrán rẹ̀, Òpó Ìjọba ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí ọ̀mùtí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Àkọsílẹ̀ yìí kò ṣeé kà," ni ẹ̀rọ náà wí. "Èyí tí kò ṣeé kà kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ fún un ní odi."

Ràímì gbé ọmọ rẹ̀ méjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n tẹ̀ léra wọn: kò ṣeé kà, odi, kò ṣeé kà, odi, omi ni, odi. Ilé mẹ́tàlélógún.

Fọlárànmí ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà ṣí àwòrán tirẹ̀. Kò sí èyí tó mì. Òpó náà dúró gbọnrangandan, oòrùn ń yí lẹ́yìn rẹ̀, òjò dé ó lọ, ẹyẹ kan bà á lórí ó fò, òpó náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú àwòrán, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń ti inú ilẹ̀ jáde. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà rọra sọ̀ láti ọgọ́ta sí mẹ́rìnléláàádọ́ta. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà yọ fìlà.

"Èyí ló mọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti rí," ló wí. "Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí, sà?"

"Èmi fúnra mi."

"Ìlà mẹ́fà," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ilẹ̀ tó ń rì. Ẹ kó wọn lọ sí Òkè. Ẹ kú òótọ́."

Ràímì sún mọ́ ọn, kò lè wo ojú rẹ̀. "Fọlá," ló wí, "Ọlọ́run ló máa san án fún ọ." Ó gbé ọmọ rẹ̀ kan kọ́ èjìká. "Ẹ̀rọ tí o fi ń fa omi yẹn, ṣé ẹ máa gbé e lọ?"

Ìbídùn tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi èrè wọn lé wọn lọ́wọ́. Ó kó àwòrán náà lé Fọlárànmí lọ́wọ́, tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀ sórí ìwé gígùn kan, tí wọ́n sì ká bí ẹní. Ó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ irin roboto kan tí wọ́n kọ OLÓÒÓTỌ́ sí. Lẹ́yìn náà ló na ìwé ọkọ̀ sí ìyá wọn.

"Ìjókòó mélòó ni?" ni ìyá náà béèrè.

"Mẹ́ta, Màmá."

"Mẹ́rin ni wá."

Ìbídùn wo oórì. "Màmá, àwọn tó ń mí nìkan ni wọ́n ń kà."

Ìyá náà gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ kó yọ́ bọ́ sínú àlàfo tó wà láàárín ilé àti oórì. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń kan sìmẹ́ǹtì lọ sísàlẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ tó bọ́ sínú omi.